Ta ló ń bá wa ṣírò àwọn tó lọ sókun?

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Mi ò kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn rí láyé mi, torí náà ibi tí mo bá ti ṣi nǹkan kọ ẹ bá mi tún un ṣe. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, apẹja ni bàbá mi, apẹja ni bàbá tó bí bàbá mi, ṣùgbọ́n ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Hull ni mo wà báyìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ìyẹn bí àwọn apẹja wa ṣe ń lọ sókun tí ẹnì kankan ò kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ti wà nínú mi láti kékeré, ibi tí mo wà yìí ló kàn jẹ́ kí n rí ẹnu fi sọ ọ́.

Hull yìí, ìlú apẹja ni. Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ lónìí ẹ ò ní mọ̀, torí iṣẹ́ ẹja ti kú níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ńláńlá àti ibi ìgbọ́kọ̀sí ló pọ̀ nítòsí ibi tí àwọn ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ láyé ìjọ́un. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ọkọ̀ onírin ló ń ti ibẹ̀ jáde lọ sí Iceland, wọ́n á tún kọjá lọ sí òkè Norway lọ́hùn-ún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń lò kí wọ́n tó dé, nínú omi tó tutù débi pé ẹni tó bá já sí i kò ní pẹ́ kú. Ẹja cod ni wọ́n ń wá lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ panla gbígbẹ tó le bí igi yẹn, èyí tí àwọn Íbò ń pè ní òkpòrókó, ẹja yẹn náà ni, Norway àti Iceland ló ti ń wá bá wa ní Nàìjíríà. Ìyá mi ò mọ ibi tí Iceland wà o, ṣùgbọ́n ó ti se ẹja ibẹ̀ fún wa jẹ láìmọye ìgbà.

Màmá kan wà lára àwọn tí mo ń tọ́jú, mi ò ní dárúkọ wọn. Ọjọ́ kan mo ń kó aṣọ wọn jọ pé kí n lọ fọ̀ ọ́, wọ́n wá bi mí pé ṣé ènìyàn mi kankan ò sí lójú ọ̀nà lónìí? Mo ní kí ló dé, Màmá? Wọ́n ní láyé àwọn, ọjọ́ tí ọkọ bá ń wọ ọkọ̀ lọ sókun, ìyàwó ò gbọ́dọ̀ fọ aṣọ, tó bá fọ̀ ọ́, omi á gbé ọkọ ẹ̀ lọ. Ìyàwó ò gbọ́dọ̀ sìn ín dé èbúté, kò gbọ́dọ̀ juwọ́ sí i pé ó dàbọ̀. Mo kàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ni. Èmi tí mo ti rò pé àwa nìkan la ní èèwọ̀ òkun, àṣé ẹ̀rù kan náà ló ń ba ìyàwó apẹja ní Hull àti ní Àyétòrò. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi wọ́n léèrè, tí mo sì ń kà á fúnra mi, ọ̀rọ̀ ọdún 1968 ni wọ́n sì máa ń padà sí ṣáá.

Lọ́dún náà, láàárín nǹkan tí kò tó oṣù kan, ọkọ̀ apẹja mẹ́ta ló bá omi lọ láti Hull nìkan, ọkùnrin 58 ló kú.

Èyí àkọ́kọ́ ń jẹ́ St Romanus. Ọjọ́ 10 oṣù kìíní ló jáde, ènìyàn 20 ló wà nínú ẹ̀. Kò ní oníṣẹ́ rédíò, ìyẹn ẹni tí kò níṣẹ́ méjì ju kó jókòó ti rédíò kó máa bá ilé sọ̀rọ̀ lọ, ọ̀gá ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń dá a ṣe mọ́ gbogbo iṣẹ́ tó kù. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n jáde yẹn gan-an ni wọ́n gbọ́ ohùn wọn mọ. Ọjọ́ 13, àwọn apẹja Iceland rí ọkọ̀ rọ́bà tó yẹ kí wọ́n fi sá àsálà, ó ń léfòó kiri, kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀. Ọjọ́ wo ni àwọn tó ni ọkọ̀ figbe ta? Ọjọ́ 26! Ẹ bá mi fi ọwọ́ kà á, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni ọkọ̀ odidi, pẹ̀lú ogún ọmọ ènìyàn, fi dákẹ́ tí ẹnì kankan nílé ò sì sọ pé ẹ jẹ́ ká wá wọn. Ohun tó sì fà á ni pé dídákẹ́ ò ṣe àjèjì sí wọn, ọ̀gá ọkọ̀ tó bá rí ibi tí ẹja pọ̀ sí máa ń pa rédíò mọ́ kí àwọn yòókù má baà wá bá a níbẹ̀, nítorí náà tí ọkọ̀ bá dákẹ́ wọ́n á ní ó ń pa ẹja ni.

Ìkejì ni Kingston Peridot, ọjọ́ 10 kan náà lòun náà jáde, ogún ènìyàn lòun náà kó. Yìnyín ló bá a jà ní òkè Iceland. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé yìnyín yìí torí ẹni tó dàgbà sí etí òkun tiwa ò lè ro ó kàn: omi tí ìgbì bá ta sára ọkọ̀, ojú ẹsẹ̀ ló ń dì, ó ń dì sára òpó, sára okùn, sára gbogbo irin, ó ń nípọn sí i, títí òkè ọkọ̀ á fi wúwo ju ìsàlẹ̀ lọ, ìgbì kan péré á wá tì í, ó dojú dé. Àáké ni àwọn ọkùnrin yẹn máa ń fi gé e dànù, tọ̀sán-tòru, tí ọwọ́ wọn ti kú. Ọjọ́ 26 oṣù kìíní ni wọ́n gbọ́ ohùn Kingston Peridot gbẹ̀yìn.

Ìkẹta ni Ross Cleveland. Ìyẹn ti sá kúrò lójú agbami, ó wọ inú apá omi kan láàárín òkè ní Iceland láti fara pamọ́ fún ìjì, ibẹ̀ náà ló ti bá a. Alẹ́ ọjọ́ 4 oṣù kejì. Ọ̀gá ọkọ̀ náà sọ ọ́ lórí rédíò pé àwọn ń ṣubú lọ o, kí wọ́n bá òun àti àwọn ọmọ ọkọ̀ kí ìyàwó àti ẹbí wọn. Àwọn ọkọ̀ míì tó wà nítòsí gbọ́ ọ ketekete, apá wọn ò ká a.

Ẹnì kan péré ló yè é, Harry Eddom, òun ni igbákejì ọ̀gá ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yọ ọ́. Nígbà tí ọkọ̀ dojú dé, ìta ló wà tó ń gé yìnyín, nítorí náà gbogbo aṣọ òtútù àti aṣọ òjò ẹ̀ ló wà lára ẹ̀ pátá. Àwọn méjì míì wà nínú ọkọ̀ rọ́bà pẹ̀lú ẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni tiwọn, òtútù pa wọ́n lójú ẹ̀. Nígbà tí omi gbé e dé etí omi ó rìn, ó rí ilé kan tí wọ́n tì pa, kò lágbára láti ṣílẹ̀kùn, ó fara ti ògiri ẹ̀ dúró lóòró títí ilẹ̀ fi mọ́, ọmọkùnrin kan tó ń da àgùntàn ló rí i. Tí mo bá rántí ìtàn yìí, ara mi kì í gbà á mọ́ tí ẹnì kan bá fẹnu wẹ́lẹ́ sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni gbogbo ikú omi. Aṣọ ló wà láàárín ẹni tó kú àti ẹni tó yè nínú ọkọ̀ rọ́bà yẹn. Aṣọ lásán!

Ó wá yẹ kí n sọ tiwa.

Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tí bàbá kékeré mi, àbúrò bàbá mi tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, bá òkun lọ. Àwọn márùn-ún ni, ọkọ̀ onígi, ẹ́ńjìnnì kan, kẹ́ẹ̀gì epo méjì. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n tì í sómi, wọ́n ní àwọn máa dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilẹ̀ ṣú. Kí lẹ rò pé a ṣe? A ò ṣe nǹkan kan. Ilé bàbá kékeré rò pé bóyá wọ́n ti gba èbúté míì lọ ta ẹja. Ilé ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì rò pé wọ́n ti sùn sí ọ̀dọ̀ àwọn ará wa lápá Èkó, torí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ilé ẹnìkẹta ò tiẹ̀ mọ̀ pé ọmọ wọn lọ sókun lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní ó sọ pé òun ń lọ ra okùn àwọ̀n ní Igbókòdá. Ọjọ́ kẹrin ni ìyàwó bàbá kékeré mi pàdé ìyàwó ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, wọ́n wá ń bi ara wọn pé ṣé ọkọ tìẹ náà ò tíì dé? Ibẹ̀ ni igbe ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin! Nígbà tí ọkọ̀ mẹ́ta máa fi jáde lọ wá wọn, pákó kan àti kẹ́ẹ̀gì kan ni wọ́n rí.

Mi ò lè sọ pé tí wọ́n bá ti jáde lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ́n á bá wọn láàyè, Ọlọ́run nìkan ló mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń di kẹ́ẹ̀gì òfìfo mú lójú omi lè wà láàyè fún wákàtí púpọ̀, òkun tiwa ò tutù bíi ti Iceland. Ìyàwó bàbá kékeré mi ò sì rí òkú sin, kò mọ ọjọ́ tó yẹ kó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, kò wá mọ ọjọ́ tó yẹ kó bọ́ ọ. Títí di ìgbà tí mo fi kúrò nílé, tí ẹ̀yin bá kan ilẹ̀kùn lóru, òun ló máa kọ́kọ́ dìde.

Nítorí náà nígbà tí Màmá ní Hull sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún fún mi, omi bọ́ lójú mi, wọ́n rò pé mo ń sunkún fún àwọn ènìyàn tiwọn ni.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣe. Lillian Bilocca, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹja, tí ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ń lọ sókun, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé kiri pé kí àwọn ènìyàn fọwọ́ sí i, ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ènìyàn 10,000 ti sáìnì. Ọjọ́ 2 oṣù kejì, ìyẹn kí Ross Cleveland tiẹ̀ tó rì, òun àti ọ̀pọ̀ obìnrin rọ́ lọ sí èbúté tí èèwọ̀ ní wọn ò gbọ́dọ̀ dé yẹn. Lillian fẹ́ fò sínú ọkọ̀ kan tó fẹ́ jáde láìní oníṣẹ́ rédíò, àwọn pọ́lísì ló dì í mú. Ọjọ́ 6, òun, Christine Jensen, Mary Denness àti Yvonne Blenkinsop wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí London lọ bá àwọn mínísítà. Ohun 88 ni wọ́n bèèrè fún, gbogbo ẹ̀ ni ìjọba gbà. Pé kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní oníṣẹ́ rédíò tiẹ̀, pé kí ọkọ̀ máa bá ilé sọ̀rọ̀ lóòrèkóòrè, kí ilé sì figbe ta tí wọn ò bá gbọ́ ọ, pé kí ọkọ̀ ńlá kan tó ní ìtọ́jú ìṣègùn wà nítòsí wọn lójú omi nígbà òtútù.

Wọn ò kà á sí oore o. Lillian gba lẹ́tà èébú, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn pé àwọn máa pa á, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì ríṣẹ́ nídìí ẹja mọ́. 1988 ló kú. Orúkọ ẹ̀ ti wà lára ògiri ní Hull báyìí, mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òfin ti fòpin sí gbogbo ikú, torí ní 1974 ọkọ̀ Gaul, ọkọ̀ tuntun, gbé ọkùnrin 36 lọ ní òkè Norway láìsí igbe kankan lórí rédíò, 1997 ni wọ́n tó rí ara ọkọ̀ náà nísàlẹ̀ òkun. Ọdún mẹ́tàlélógún ni àwọn ìyàwó wọn fi wà bíi ti ìyàwó bàbá kékeré mi, tí àwọn kan ń sọ fún wọn pé àwọn ará Rọ́ṣíà ló jí ọkọ wọn kó lọ, tí wọ́n tún ń retí.

Ẹ̀yin ará ilé, ohun tí mò ń bèèrè ò tó 88. Ẹyọ kan ni. Kí èbúté kọ̀ọ̀kan ní ìwé. Ìwé lásán, irú èyí tí ọmọ iléèwé ń lò, pẹ̀lú bírò. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀, ìgbà tí wọ́n jáde, apá ibi tí wọ́n kọrí sí, ìgbà tí wọ́n ní àwọn máa dé, nọ́ńbà fóònù ilé kọ̀ọ̀kan. Tí àkókò bá ti kọjá tí wọn ò yọ, kí ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pe ènìyàn, kó má dúró dọjọ́ kejì. Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ti wà lójú agbami nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó ń kọ́, ta ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀? Àwọn olè orí omi wà níbẹ̀ tún nìyẹn, wọ́n á gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ wọn, wọ́n á fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó máa bá omi lọ pẹ̀lú ènìyàn nínú ẹ̀, irú àwọn bẹ́ẹ̀ ṣì wà láàyè, ká ṣáà tètè wá wọn ni.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó wà nípò nígbà tí mo wá sílé, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kóun gbé e wò, mo kọ ọ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìyẹn ò dùn mí tó èyí tí bàbá àgbàlagbà kan sọ fún mi ní èbúté wa. Bàbá náà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ó ní tí a bá ń kọ orúkọ ẹni tó ń lọ sókun sínú ìwé, ṣebí à ń kọ orúkọ wọn fún Olókun nìyẹn. Mi ò fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe yẹ̀yẹ́ o, ibi tí mo ti wá nìyẹn, mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo kúnlẹ̀ dá wọn lóhùn pé, Bàbá, a ò ní ka iye wọn, orúkọ wọn la máa kọ, bí a ṣe ń pe orúkọ wọn nínú àdúrà náà ni, tí wọ́n bá sì ti dé a máa fa ìlà sí i. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní tó bá jẹ́ obìnrin ló máa mú un lọ́wọ́, kò burú, torí àwọn obìnrin ló máa ń retí àwọn tó lọ sókun.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni bàbá yẹn sì sọ, àní ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ní etí omi wa, àwọn ìyá tó ń yan ẹja ló mọ ẹni tó jáde, òmíràn nínú wọn ló yá wọn lówó epo, wọ́n mọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan láti òkèèrè kó tó gúnlẹ̀. Wọ́n ti ń ka àwọn ọmọ yìí lọ́kàn wọn lójoojúmọ́, ìwé ni wọn ò ní.

Ẹ̀yin Olóòtú, mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin náà. Tí ọkọ̀ bá rì, iye òkú tí wọ́n rí ni ẹ máa ń kọ́kọ́ gbé jáde, lẹ́yìn náà ẹ̀dùn ọkàn gómìnà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bèèrè ìgbà tí wọ́n jáde, ìgbà tí ẹnì kan kọ́kọ́ fura, àti ìgbà tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ wá wọn. Ẹ gbé wákàtí àárín wọn sójú ìwé kí gbogbo ayé rí i. Tí ẹ bá sì rí àyè, ẹ máa bá wa fi ìròyìn ojú ọjọ́ fún àwọn apẹja sí i lédè tí ìyá wa á gbọ́, pàápàá láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án tí ìgbì máa ń ga, àti ìgbà ọyẹ́ tí èèyàn kì í rí iwájú.

Ìwé àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní èbúté tiwa báyìí, mo fi owó ẹ̀ ránṣẹ́, ìyá kan tó ń yan sáwá ló mú un lọ́wọ́, inú ọ̀rá ló máa ń gbé e sí kí omi má baà kàn án. Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ọkọ̀ kan pẹ́ tó wákàtí mẹ́ta lé àkókò tí wọ́n dá. Ìyá yìí ti pe ilé márààrún, ó ti pe ẹni méjì tó ní ẹ́ńjìnnì tó le, wọ́n ti ń da epo sí i lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ náà yọ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń fàjẹ̀ wà á bọ̀, ẹ́ńjìnnì wọn ló kú. Àwọn ọ̀dọ́ náà bínú sí i, wọ́n ní ó da ìlú rú lórí ohun tí kò tó nǹkan. Kò dá wọn lóhùn. Ó ṣí ìwé, ó fa ìlà sí orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n kó ẹja wọn wá kóun wò ó.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ apẹja láti Ìlàjẹ,
Hull, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.